Ẹfun Tó Padà Funfun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ afọ-èémí mòòkùn. Ó ṣojú mi, torí èmi ni mo wa ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ náà.

1.
Gbogbo Coron, ìlú wa létí òkun, ló mọ Narciso Abrea. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń mú àlejò lọ wo àwọn ọkọ̀ ogun tó rì sínú òkun wa, afẹ́fẹ́ inú àgbá lásán ló sì ń mí. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó ń mòòkùn jìnnà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń fọ èémí. Èémí tí o bá mí síta, ẹ̀rọ náà á gbà á, á gbé e gba inú ẹfun, àwọn hóró funfun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀, kọjá kí májèlé inú rẹ̀ lè kúrò, á fi ọ́síjìn díẹ̀ kún un, á sì dá a padà fún ọ. O lè pẹ́ nísàlẹ̀ omi, ẹja ò sì ní sá fún ọ. Narciso fẹ́ di atọ́nà irú àwọn àlejò wọ̀nyẹn, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Ó lọ bá Remedios, obìnrin tó ń kọ́ni lẹ́rọ náà létíkun wa.

"Àǹtí, èwo ni kí n rà?"

"Èyí tí gbogbo wa ń lò níbí ni."

"Èyí tó rí bí àpótí ẹja yẹn? Ẹ wo ọ̀kan lórí fóònù mi, ojú mẹ́ta tó ń fi nọ́ńbà hàn ló ní, ó ń tàn yanranyanran!"

Remedios bú sẹ́rìn-ín. "Narciso, ṣé ẹ̀rọ lo fẹ́ rà ni àbí ìyàwó? Tó bá bàjẹ́, ta ló máa bá ọ tún un ṣe? Tí ẹfun ẹ bá tán, ọwọ́ ta lo ti máa yá a? Èyí tí olùkọ́ ẹ mọ̀ tí aládùúgbò ẹ sì ní, òun ni kó o rà."

"Ẹ ṣé, mà," ni Narciso wí. Ẹ̀yin náà mọ irú "ẹ ṣé, mà" bẹ́ẹ̀.

2.
Ó ra olójú mẹ́ta. Ó lọ kọ́ ọ ní Manila, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì ń yan fanda létíkun. Ohun tí kò kà sí ni pé ẹfun oníhóró wẹ́wẹ́ ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ń lò, nígbà tó jẹ́ pé oníhóró ńlá ni ti gbogbo Coron. Òun nìkan ló ń retí kí ọkọ̀ ojú omi gbé ẹfun tirẹ̀ dé láti Manila.

3.
Ìjì dé. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ kankan ò wọlé. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé, àlejò rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Bae àti ìyàwó rẹ̀, ti fi ọkọ̀ òfuurufú dé láti Korea.

Ẹfun tó ti lò ló kù nínú garawa. Ọjọ́ tó dà á síbẹ̀, ó ti di elésè àlùkò, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ti tán. Nígbà tó ṣí garawa láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mòòkùn, ẹfun ti padà funfun báláú.

"Ó ti sinmi," ló sọ fún mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní Manila ti sọ fún un pé ààtàn ni ibi ẹfun tó bá ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló gbà gbọ́.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹfun kì í ṣe ènìyàn. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń padà, agbára rẹ̀ kì í padà.

Remedios, tí àwọn àlejò náà tún gbà kún Narciso láti bá wọn mòòkùn, bi í léèrè nínú ọkọ̀. "Narciso, ṣé ẹfun tuntun nìyẹn?"

"Tuntun ni, mà."

4.
Kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n jókòó, wọ́n fi ẹ̀rọ mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí òfin ṣe wí. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Narciso. Ó ní oòrùn ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ogun nísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀rọ náà ń sọ fún un pé kò séwu, torí ọ́síjìn nìkan ni wọ́n ń wò, wọn ò rí májèlé. Àgbá afẹ́fẹ́ pàjáwìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè yọ ohun tó fi sẹ́nu. Remedios ló rí àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Ó já ti ẹnu rẹ̀ gbà, ó ki ti àgbá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì dì í mú ṣinṣin títí wọ́n fi rọra gòkè.

Nínú ọkọ̀, Narciso bì, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa.

"Àǹtí, irọ́ ni mo pa. Ẹfun àlòkù ni."

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, mà."

"Torí garawa ẹfun kan, Narciso? Ìwọ náà wò ó!" Èmi pàápàá, tó ti sọ ọ́ fún láàárọ̀, ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Narciso yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo purọ́ fún ẹ̀yin náà. Mi ò yẹ lẹ́ni tó ń mú yín lọ síbì kankan."

5.
Ó ta olójú mẹ́ta. Ó tún kíláàsì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní lọ́dọ̀ Remedios, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé "Bàbá arúgbó, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ṣẹ́. Ọdún kan gbáko ni kò fi mú àlejò kankan lọ sísàlẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà dé láti Korea sọ́dọ̀ Remedios. Ọ̀gbẹ́ni Bae ló kọ ọ́: "À ń padà bọ̀. Narciso la fẹ́. Ẹni tó lè dójú ti ara rẹ̀ dípò kó tún tàn wá jẹ, a lè tẹ̀lé e." Narciso ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín: ẹ má ra ẹ̀rọ torí pé ó ń tàn. Ẹ wá olùkọ́ kí ẹ tó wá ẹ̀rọ. Ẹ lo èyí tí ará yín náà ń lò, kí ẹ da ẹfun àlòkù nù. Bí orí bá ń fọ́ yín lórí ìjókòó, ẹ dìde, ẹ lọ sílé. Òkun ò ní ṣí lọ. Ọpẹ́ ni pé Narciso ṣì wà láàyè tó lè fẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún yín, torí ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.