Bẹ́ńṣì Ẹ̀yìn

Bẹ́ńṣì kan wà lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ jókòó sí. Ẹni tí ìjọ bá ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò ní jẹ Oúnjẹ Olúwa, kò ní bá akọrin kọrin, ẹni tó bá sì fẹ́ràn orúkọ rere kò ní jókòó tì í. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, yóò dúró níwájú àwọn alàgbà, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, wọn yóò sì gbà á padà.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan ti wà lórí bẹ́ńṣì yìí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyá Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó mọ ìgbà tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ ti kú, tàbí kí iṣẹ́ ti gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn yòókù kàn wá bá a níbẹ̀ ni. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn abiyamọ a máa fi í dẹ́rù ba ọmọbìnrin wọn. "Ṣáà máa ṣe bó o ṣe fẹ́," wọ́n á ní, "ààyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹ̀yìn."

Ààyè wà lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti mú ẹni tuntun wá, Ìyá Ẹ̀yìn á sún fún un, á gbé ìwé orin sí àárín àwọn méjèèjì, á sì máa fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ tí wọ́n ń kọ, nítorí ẹni tí ojú ń tì kì í ríwèé kà dáadáa. Oṣù mẹ́ta á pé, onítọ̀hún á padà síwájú, kò sì ní bojú wẹ̀yìn mọ́.

Pásítọ̀ tuntun dé, ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀yìn kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ọkàn rẹ̀ dára, ó sì fẹ́ràn òfin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ẹ̀yìn ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́.

"Màmá, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti pọ̀ jù," pásítọ̀ wí. "Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tó fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo."

"Mo mọ̀, Pásítọ̀. Òun ló ń gbé mi dìde láràárọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fẹ́ wá síwájú?"

Ó yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà padà, ó lọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Mo ti jókòó níwájú yẹn rí, lórí àga kìíní. Kò sẹ́ni tó mọ́ tó mi nígbà yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wẹ ara mi. Oore-ọ̀fẹ́ tí mo ń jẹ báyìí, ẹ̀bùn ni."

"Ẹ ṣáà sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fáwọn alàgbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan, sà. Orúkọ ẹlòmíì wà nínú ẹ̀."

Pásítọ̀ gbà pé ọkùnrin kan ni. Ó kọ̀wé sí akọ̀wé ìjọ àtijọ́, tó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, pé kó fi ìwé ìbáwí ìgbà náà ránṣẹ́.

Kí ìwé náà tó dé, àìsàn ọkàn dá Ìyá Ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́rú, pásítọ̀ gbé búrẹ́dì àti ife Oúnjẹ Olúwa sínú àpótí kékeré, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Aṣọ oníbàárà ṣì wà lórí tábìlì, ó ti ká wọn. Nígbà tó rí àpótí náà, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ebi ẹ̀ ti ń pa mí tipẹ́," ó wí.

"Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan, Màmá. Èmi nìkan ti tó."

Ó mi orí. "Ta ló wà lórí bẹ́ńṣì báyìí?"

"Ọmọbìnrin tó ń ránṣọ yẹn, èyí tó lóyún."

"Ṣé ẹnikẹ́ni jókòó tì í lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Rárá o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyá ẹ̀, kó lọ jókòó tì í. Kó má dúró dìgbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ ní òun yóò rí sí i. Ó rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n òfin lòfin, ìwé náà kò sì ní pẹ́ dé mọ́. Ó ti àpótí náà, ó sì gbé e padà lọ sílé. Ìyá Ẹ̀yìn ń wo àpótí náà títí ilẹ̀kùn fi padé.

Ó kú ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, láì jẹ Oúnjẹ Olúwa náà. Ìwé náà dé ní àárọ̀ Sátidé. Pásítọ̀ kò jókòó. Ó ṣí i sí ọdún tí Ìyá Ẹ̀yìn kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn, ó fi ìka wá orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ìjọ bá wí, kò rí i níbẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn alàgbà tó wà nínú ìwé náà ló ti rí i, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tó fúnra rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó lóyún. Òun ìyá náà ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n fi í sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó tì í. Lábẹ́ rẹ̀ ni akọ̀wé kọ ọ́ sí pé ọmọ náà jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àti pé ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú kànga.