Ìyá Ọkọ Mobọ́lá

Lọ́dún 1957, lọ́rì kòkó ló gbé Mobọ́lá láti Ayédé dé ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Orin. Apá òsì rẹ̀ ti kán, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì ti sán. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wá. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Felicia béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyá náà ló dáhùn pé ó já bọ́ láti orí àjà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni dókítà máa ń yà síbẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ohun tí Felicia bá rí tó sì pinnu ni wọ́n ń ṣe.

Ìyá náà kò padà sílé. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, débi pé Mobọ́lá kò lè sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń tẹ̀lé e dé ilé ìyàgbẹ́. Ó di àwọn aṣọ Mobọ́lá sínú ìdì kan, ó ń fi í rọrí sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bá Mobọ́lá sọ̀rọ̀, òun ló ń fèsì.

Láràárọ̀, nígbà tí ìyá náà bá ń dáná lẹ́yìnkùlé, Felicia á di ọrùn ọwọ́ Mobọ́lá mú, á wo aago. Iṣan rẹ̀ á lù nígbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lásìkò àbẹ̀wò, ìyá náà á ti wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Olúwọlé ọkọ rẹ̀ á sì ti gun kẹ̀kẹ́ dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Iṣan náà á lé ní ọgọ́fà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù. Kò sí ibà. Ojú egbò kankan kò kẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni Felicia kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oníwà tútù ni Olúwọlé. Ó máa ń mú ọsàn wá, á bó o fún ìyàwó rẹ̀, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Felicia. Ìyá rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í dìde lórí àpótí náà kó lè jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Felicia sún mọ́ Mobọ́lá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣé ẹnì kan wà tí ò ń bẹ̀rù?”

Mobọ́lá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé ẹni náà máa ń wá síbí?”

Ó tún mi orí. Ìyá náà gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, Mobọ́lá sì kọjú sí ògiri.

Felicia sọ fún ìyá náà pé aláìsàn ti lè máa lọ sílé, pé apá náà yóò jinná níbẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀.

“Ẹ má jẹ́ kó tíì lọ ulé, nọ́ọ̀sì. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.”

Felicia kò gbà. Nírọ̀lẹ́, ó pe Olúwọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ara ìyàwó rẹ̀ yóò tètè yá bí ó bá jìnnà sí ẹni tó ń dẹ́rù bà á, ẹni náà sì ni ìyá tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Olúwọlé ní òun ti ṣàkíyèsí i. Ó ní òun ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Àwọn méjèèjì nìkan ni yóò máa gbé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Felicia rán ìyá náà lọ sọ́jà Ìdó pé kó ra ọṣẹ. Ó mú ìdì aṣọ náà lórí ẹní, ó wọ aṣọ fún Mobọ́lá. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Olúwọlé ti ń dúró pẹ̀lú takisí, Mobọ́lá di ọwọ́ Felicia mú. Ó dì í le débi pé Felicia ní láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Felicia rẹ́rìn-ín, ó ní kò tó ọpẹ́.

Ìyá náà dé lọ́sàn-án, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó béèrè ẹni tó mú un lọ. Felicia ní ọkọ rẹ̀ ni, ó ní kó má bínú.

“Ọmọ tí mo bí ló kán an lápá, nọ́ọ̀sì,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “ẹnu mi ò sì gbà á láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ni mo ṣe lọ jókòó sí àárín wọn.”