Ẹ Lọ Jí Bàbá

"Màmá, ọjọ́ orí yín?" ni akọ̀wé bi tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, láì gbójú sókè.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

Láti Ọ̀kà ni ìyá náà ti gun ọ̀kadà wá sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkàrẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í tó o jẹun kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ìjọba sì ní àwọn fẹ́ fi díẹ̀ kún tàwọn opó.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti sùn."

Akọ̀wé wo aago ara ògiri. "Ní aago mẹ́wàá àárọ̀? A jẹ́ pé ẹ kì í ṣe opó."

Ìyá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ ò tíì gbà á sọ. "Ọmọ mi, mo ní wọ́n ti sùn."

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ lọ jí wọn, kí wọ́n wá tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò lè bọ́ yín. Ẹni tó kàn."

Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jiyàn. Nígbà tó padà dé Ọ̀kà, kò wọlé. Ó jókòó sórí sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ níwájú ilé, ó bọ́ bàtà, ó wá fi ìka lu sìmẹ́ńtì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbílọlá, wọ́n ní kí n jí yín."