Bọ́ọ̀dù Inú Rédíò Màmá Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ẹlúyẹmí ń tún rédíò ṣe ní Ìrè-Èkìtì, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Lọ́jọ́ kan, Moyinolúwa, ọmọ Ìrè tó wà lókè òkun, pè é. Rédíò àtijọ́ bàbá rẹ̀ ti jóná. Ó fẹ́ kí Ẹlúyẹmí ṣe irú rẹ̀ gan-an, tinú tòde.

"Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí búráùn ayé ọjọ́un ni. Mi ò fẹ́ aláwọ̀ ewé òde òní. Ẹ fara balẹ̀ wá a, mi ò kánjú."

Bọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹ̀yà inú rédíò lé. Páálí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ń ṣe ti àtijọ́.

2.
Láti ọjọ́ náà, ara Ẹlúyẹmí ò balẹ̀ mọ́. Ó gun ọ̀kadà lọ Ọ̀yẹ́, ó lọ Ìkọ̀lé, ó dé Ìdó. Aláwọ̀ ewé ṣáá ni. Oníṣòwò kan ní Ìkọ̀lé ní òun á bá a wá a ní Ìbàdàn, kó fún òun lóṣù kan.

Oṣù kan kẹ̀! Tí ẹlòmíràn bá gba iṣẹ́ náà ńkọ́? Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Á jókòó, á dìde, á tún yẹ fóònù wò.

3.
Bó ṣe wà nìyẹn tí Màmá Àbẹ̀ní fi dé láti Òmù. Màmá ò ríran mọ́. Rédíò tí ọkọ wọn rà kó tó kú ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó sì ti dákẹ́. Ẹlúyẹmí ṣí i. Wáyà kan péré ló já! Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí bọ́ọ̀dù: búráùn. Irú èyí tí Moyinolúwa fẹ́ gan-an!

"Màmá, ó ti kú. Kò ṣeé tún ṣe mọ́."

"Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ulé mi á dákẹ́ jù o."

"Mo ti wò ó. Ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín dà á nù."

Màmá fọwọ́ pa rédíò náà lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí, wọ́n sì lọ.

4.
Ọ̀kadà màmá ò tíì yà kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Ẹlúyẹmí ti ki irin gbígbóná bọ inú rédíò. Ó ń kánjú tu ẹ̀yà rẹ̀. Páálí tó ti gbẹ láti bí ogójì ọdún ò gbà. Bàbà orí rẹ̀ bó bí èèpo àlùbọ́sà, bọ́ọ̀dù sì dá sí méjì, kàà!

Lọ́jọ́ kejì, Adétúnjí, ọmọ màmá, wọlé.

"Bùrọ̀dá, màmá ní kí ẹ fún wa ní òkú rédíò náà. Wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn."

Kí Ẹlúyẹmí tó fi aṣọ bo tábìlì, Adétúnjí ti rí gbogbo rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé ó kú ni, àbí ẹ pa á?"



5.
Ọ̀rọ̀ dé ọjà, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo èèyàn ń wá kó ẹrù wọn. Moyinolúwa náà gbọ́, ó sì gba iṣẹ́ rẹ̀ padà: "Mi ò lè fi omijé màmá arúgbó ṣe bàbá mi lóore."

Ẹlúyẹmí ra rédíò tuntun, ó lọ kúnlẹ̀ ní Òmù. Màmá tẹ́tí sí i díẹ̀, wọ́n pa á.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbé e lọ. Èyí ò mọ̀ mí."

Lónìí, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́ ni Ẹlúyẹmí ń ro jẹun.

Ìwọ tó ń kà á, ṣọ́ra! Ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ọkàn wọn ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Má torí ìkánjú tìrẹ tu tẹlòmíràn palẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko.