Ìṣirò Odò Ọya

"Ó tún já!" Arábìnrin onímọ̀ òjò kan gbá tábìlì. Láti àárọ̀ ló ti ń gbìyànjú láti so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà ní Ouagadougou, èyí tó ń bá a ṣírò bí odò ṣe máa kún tó, kò gbà. Ní Niamey níbí, Odò Ọya ń kún. Àwọn ará Kirkissoye létí odò ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò: ṣé kí wọ́n kó ẹrù, àbí kí wọ́n jókòó?

Ó pe Seydou, ẹni tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sáyè. Iṣẹ́ ẹnì kan ló gba gbogbo ẹ̀ látàná."

"Ta ni alájẹkì yẹn?"

"Nọ́ńbà lásán ni mò ń rí, kò sí orúkọ. Ẹ jẹ́ kó parí, bóyá ojú ń kán onítọ̀hún náà."

"Seydou, omi ń bọ̀! Pa á!"

"Ó dáa. Mo ti pa á."

Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ so mọ́ ti ọ̀hún. Kò tíì tẹ nǹkan kan tí lẹ́tà fi wọlé láti Ouagadougou: "Ẹ má bínú, a ti dá iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá dúró. Ó ku díẹ̀ kó parí."

Ìṣirò odò tirẹ̀ ni. Nígbà tí ìsopọ̀ já lánàá, ó rò pé iṣẹ́ náà ti ṣègbé. Kò mọ̀ pé ó ṣì ń lọ lọ́hùn-ún. Tó bá tún un bẹ̀rẹ̀, ó dọ̀la kó tó parí.

Fóònù dún. Àwọn ará rédíò ni.

"Àǹtí, kí la fẹ́ sọ fáwọn èèyàn?"

Ó wo odò látojú fèrèsé.

"Ẹ ní kí wọ́n máa kó ẹrù."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ti ṣírò ẹ̀."