Fèrè Tí Alàgbà Yìn Lórí Rédíò

Ọ̀sẹ̀ jáàsì àti búlúùsì là ń ṣe lórí rédíò wa ní Kàbbà. Èmi Miriam ni mo ń darí ètò náà.

Láti Mọ́ńdè ni Alàgbà Ọlọ́runlékè, alàgbà ìjọ wa, ti ń pè lójoojúmọ́, á sì kí mi bí a ṣe ń kíra nílùú wa.

"Okun o, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, tún bá mi gbé orin onífèrè yẹn sí i."

Mo máa ń gbé e sí i. Mi ò sọ ẹni tó fọn ún.

Lónìí Fúráídè, ó tún pè. Gbogbo ìlú ń gbọ́.

"Òyìnbó wo nìyẹn? Ẹ̀mí Ọlọ́run wà nínú fèrè rẹ̀."

"Ẹ tún un sọ, bàbá, kí ará ìjọ gbọ́."

Ó tún un sọ. "Ì bá wù mí kó wá fọn ún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

"Ó ti fọn ún níbẹ̀ rí, bàbá. Andrew, bàbá tó bí mi, ni. Ẹ̀yin lẹ lé e kúrò láàárín àwọn akọrin, ẹ ní fèrè ọ̀mùtí ló ń fọn. Nígbà tó kú, ẹ ò jẹ́ ká sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ."

Mo ń gbọ́ bí Alàgbà ṣe ń mí lórí fóònù.

Mi ò gé fóònù náà. Mo tún gbé fèrè bàbá mi sí i, kí ìlú lè máa gbọ́ fèrè náà àti mímí Alàgbà pọ̀.