Iná Yàrá Ọládùnní

Bíìlì iná dé sílé ayálégbé kan ní Ìsọlọ̀, ó sì ti di ìlọ́po méjì.

"Yàrá Ọládùnní ni," Wàsílátù pariwo. Òun ni àgbà obìnrin ilé náà. "Gílóòbù rẹ̀ kì í kú, tọ̀sán-tòru!"

Ọládùnní fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Màá san ju tiyín lọ. Ẹ má ṣáà pa iná mi."

"A ò ní máa ṣiṣẹ́ sanwó iná tìẹ!"

Inú ń bí Wàsílátù. Ó na ọwọ́ sára ògiri, ó yọ fíùsì yàrá náà.

Ọládùnní figbe ta. "Yóò tutù! Àǹtí, yóò tutù!"

"Kí ni yóò tutù?"

Wàsílátù tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé.

Gílóòbù náà rọ̀ sórí páálí mílíìkì kan. Òwú ló kún inú rẹ̀, ọmọ jòjòló kan sì wà láàárín òwú náà, kò tóbi ju ẹyẹlé lọ.

"Oṣù rẹ̀ kò pé," Ọládùnní ń sunkún. "Mo ti sin méjì. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ."

Wàsílátù sáré dá fíùsì padà.

Iná tàn. Ọmọ náà mira.

 Wàsílátù wọ yàrá tirẹ̀ lọ, ó yọ wáyà fíríìjì ńlá tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, rà kúrò lára iná.

"Èyí ló ń jẹ iná wa," ló wí fún gbogbo ilé. "Kì í ṣe ọmọ yẹn."